Ìrìn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán Ni

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ gbé ka iwájú òǹkàwé, bí ó tilẹ̀ lè dà bí ìbéèrè ọmọdé lójú àwọn ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá jí ní òwúrọ̀, tí ó di ẹrù rẹ̀, tí ó gbé e pọ̀n, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn fún odindi ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀dàn, tí kì í ṣe pé ó ń lọ sí ọjà, tí kì í ṣe pé ó ń lọ kí àna tàbí pé ó ń lọ sìnkú, tí ọba kò rán an, tí ogun kò sì lé e, ǹjẹ́ ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe bí? Àwọn baba wa ní orúkọ fún oríṣiríṣi ẹni tí ń rìn. Alájàpá ń rìn nítorí èrè. Ọdẹ ń rìn nítorí ẹran. Ìránṣẹ́ ń rìn nítorí ẹni tí ó rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rìn nítorí ìrìn nìkan, alárìnkiri ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà kò sì ní ọ̀wọ̀ nínú. Òtítọ́ ni pé wọ́n sọ fún wa pé bí a bá rìn jìnnà a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn di ẹrù nítorí àtirí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Mo bi ìbéèrè yìí nítorí pé èmi náà ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kò tíì kúrò ní ọkàn mi.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni. Àwa mẹ́ta ni a jọ lọ: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tí í ṣe olùkọ́, àti àbúrò mi ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ìsẹ́yìn ni a sùn mọ́jú ọjọ́ tí a gbéra, a sì kúrò níbẹ̀ nígbà tí àwọn ahunṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ti òfì wọn, tí ìró igi òfì ń dún láti agbo ilé dé agbo ilé. Ọyẹ́ ti dé. Koríko ọ̀dàn ti gbẹ, ó ti pọ́n bí awọ kìnnìún, ibi tí àwọn ọdẹ ti fi iná sun sì dúdú kirikiri. Igi ẹmi àti igi igbá nìkan ni ó dúró láàárín rẹ̀ bí àgbà tí kò bá ọmọdé sáré.

Ibi tí a ń lọ ni etí adágún Ìkéré. Adágún yìí kì í ṣe ohun tí a bá láyé. Odò Ògùn ni, èyí tí ó ti àwọn òkè ẹ̀bá Ṣakí ṣàn wá, tí ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà Èkó. Ní ọdún 1983, nígbà tí Alhaji Shehu Shagari jẹ́ Ààrẹ, ni a dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí dáàmù, èyí tí í ṣe odi ńlá tí a fi erùpẹ̀ mọ dí odò náà ní àfonífojì Ìkéré. A pète pé kí adágún náà gba omi tí ó tó 690 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, kí ó máa fún àwọn ìlú ní omi mímu, kí ó máa bomi rin oko, kí ó sì máa mú iná mànàmáná wá. Omi dé. Títí di ọjọ́ tí àwa rìn ní etí rẹ̀, iná kò tíì dé. Àwọn òkú igi dúró nínú omi náà ní funfun bí egungun, ẹyẹ a sì máa bà lé wọn ní ìrọ̀lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá mọ ìtàn ibẹ̀ yóò fi rò pé nítorí ẹwà ni a ṣe gbìn wọ́n síbẹ̀.

Ẹrù wa kì í ṣe kékeré. Àpò aṣọ líle tí ó ní okùn méjì ni olúkúlùkù wa gbé pọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń pọn ọmọ, inú rẹ̀ sì ni àgọ́ kékeré, ẹní, gàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, ìkòkò, omi mímu àti oògùn ibà wà. Kò sí ọ̀nà kankan tí a là fún irú àwa. Ipa ẹsẹ̀ àwọn apẹja àti ti màlúù àwọn Fúlàní ni a ń tọ̀. Ète wa ni láti máa fi omi sí apá ọ̀tún wa, kí a máa lọ sí ìhà àríwá títí a ó fi súnmọ́ igbó ọba tí a ń pè ní Old Oyo National Park, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ náà dá mọ̀ ní 1991. Níwọ̀n bí a kò ti gba ìwé àṣẹ láti wọ inú rẹ̀, a ó ya sí apá òsì níbẹ̀, kí a lọ bá títì tí ó lọ sí Ṣakí. Lórí ìwé, ọ̀nà náà kò jìnnà. Ṣùgbọ́n adágún náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ apá tí ó nà wọ inú àwọn àfonífojì kéékèèké, ibi tí lékèélékèé sì lè fò kọjá ní ìṣẹ́jú kan, àwa a máa fi ìdajì ọjọ́ yí i ká.

Ní Amẹ́ríkà, irú ìrìn yìí kì í ṣe ohun ìyanu. Ní etí adágún Superior, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Pictured Rocks, tí ìjọba ilẹ̀ náà yà sọ́tọ̀ ní 1966 nítorí ẹwà àwọn òkè òkúta rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó tó 42 máìlì lọ ní etí omi níbẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa gbé ẹrù pọ̀n, wọn a rìn ín ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a sùn nínú àgọ́ ní ibi tí a ti yàn fún wọn. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ pé ta ni ó rán ọ, nítorí pé ohun kan náà ni ó gbé gbogbo wọn dé ibẹ̀. Èmi kò ṣe ìlara wọn nítorí àwọn òkè wọn. Àwa náà ní òkè. Àìbéèrè yẹn ni mo ṣe ìlara rẹ̀, kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè náà gan-an ni yóò ṣe mí ní àǹfààní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a dé abúlé kékeré kan tí èmi kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ kò pé mẹ́wàá, ọkọ̀ igi mẹ́rin ni ó wà ní èbúté rẹ̀, èéfín ẹja tí a ń yan sì bò ó. Ìyá àgbà kan jókòó ti ààrò rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ kí i pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn wa, ẹrù sì tẹ àbúrò mi mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwa ni a fà á dìde, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, ìyá náà pàápàá. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí a máa ń béèrè lọ́wọ́ àlejò, tí kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ni ó rán yín wá síhìn-ín?”

Mo ya ẹnu láti dáhùn, n kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Kí ni ǹ bá wí? Pé a fi ilé sílẹ̀, a ru ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò ní kí a rù, nítorí kí a lè wo omi? Ọ̀rẹ́ mi yára jù mí lọ.

“Ìjọba ni, Ìyá,” ni ó wí. “A wá wo omi yìí ni.”

Òǹkàwé mi, mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ kan yí ojú ọjọ́ padà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí ó yára bí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá náà dìde. A ránṣẹ́ pe àwọn ọkùnrin láti ibi àwọ̀n wọn. A tẹ́ ẹní tí ó dára jù lọ. A mú adìyẹ kan, mo sì kíyè sí i pé kò ju méjì lọ tí ó ń jẹ kiri nínú agbo ilé náà, a pa á, a sì rokà fún wa. Nígbà tí a jẹun tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́. Wọ́n sọ ti iná tí kò tàn. Wọ́n sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kéékèèké kò fi lè lọ ní ìgbà òjò. Ìyá náà na ọwọ́ sí àárín omi, níbi tí àwọn lékèélékèé bà sí, ó ní ibẹ̀ ni oko ọkọ òun wà tẹ́lẹ̀, àti igi igbá mẹ́ta tí baba ọkọ òun fi sílẹ̀. Ó ní àwọn kan ti wá rí, wọ́n ka àwọn igi, wọ́n kọ orúkọ, wọ́n sì lọ. Ọkọ òun dúró dè wọ́n títí ó fi kú.

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀,” ni ó wí. “Igi igbá mẹ́ta. Ẹ má ṣe kọ méjì.”

Èmi ni mo mú ìwé kékeré jáde. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi fi ẹnu purọ́, èmi fi ọwọ́ purọ́, n kò sì mọ èyí tí ó burú jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu a máa bá afẹ́fẹ́ lọ, tèmi sì wà nínú àpò mi. Ní òwúrọ̀ a fi owó lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀. Ó ní òun kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń bá òun ṣiṣẹ́.

A kò tíì rìn tó máìlì kan ní ọjọ́ kẹta kí ìjà tó dé sí àárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe ènìyàn búburú, àwíjàre rẹ̀ kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ tì. Ó ní ìgbà tí a wà yìí kì í ṣe ìgbà tí àjèjì ń yọ nínú igbó ní àṣálẹ́ kí ó wí pé òun kò wá nǹkan kan. Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀, gbọ́mọgbọ́mọ ni a ó pè é, tàbí amí olè. Ó ní irọ́ òun ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn náà sùn ní àlàáfíà. Ó ní adìyẹ kan ṣoṣo ni.

Mo gbà fún un nípa ti ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ó mú ìbẹ̀rù kúrò lára ènìyàn àti irọ́ tí ó gbin ìrètí sí i nínú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìbẹ̀rù wọn ìbá ti tán ní òwúrọ̀ nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀yìn wa. Ìrètí wọn yóò kù lẹ́yìn wa, wọn yóò sì máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ bí ẹni ń bọ́ ẹran ọ̀sìn. Ọkọ ìyá náà ti bọ́ irú rẹ̀ títí dé ibojì. A wí fún wa pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san ogún ọdún náà padà fún ẹni tí ó gba irọ́ gbọ́?

Síbẹ̀, kì í ṣe irọ́ náà ni mo ń rò jù bí kò ṣe ibi tí ó ti wá. Bí ìyá náà ìbá béèrè orúkọ wa, òtítọ́ ni a ìbá sọ. Ìdí ìrìn wa ni ó béèrè, ìdí náà sì tì wá lójú. Mo sì rò pé ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ni ó dá ìtìjú náà sí wa lára, nítorí pé díẹ̀ ni àwọn tí ó ti rìn ín nítorí ìgbádùn.

Ní ọdún 1821, nígbà tí ogun kó Òṣogùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a mọ̀ lẹ́yìn náà sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà nínú àwọn tí a fi okùn so ní ọrùn, tí a sì fà lọ sí Ìsẹ́yìn, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ olówó kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn ni ó ti rìn dé etí òkun. Ní oṣù Kíní ọdún 1826, Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander gba Ṣakí kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, lẹ́yìn tí Pearce àti Morrison, tí wọ́n jọ gbéra láti Àgbádárìgì, ti kú ní ọ̀nà. Gbogbo ayé mọ orúkọ àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹrù wọn kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, àwọn fúnra wọn pàápàá, nígbà tí àìsàn bá dá wọn dùbúlẹ̀, orí ọmọ ènìyàn ni ó ń gbé wọn lọ. Ta ni ó mọ orúkọ aláàárù kan nínú wọn lónìí? Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó dé, àwọn ajẹ́lẹ̀ a máa rin ìrìn àyẹ̀wò kiri, ẹrù wọn a sì máa tẹ̀lé wọn ní orí àwọn ẹlòmíràn, ẹrù ẹnì kan a máa tó 50 pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí ó gbà wá lálejò náà ti ru ẹja lọ sí ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo bí ó ti rí, nígbà náà, kí ènìyàn mẹ́ta tí ara wọn le, tí wọ́n sì jẹun yó, dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wá! Ó dà bí ẹni tí ń fi ààwẹ̀ ṣeré níwájú ẹni tí ebi ń pa.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó, mo sì sọ ọ́ jáde. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Àbúrò mi, ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, ni ó wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò rí àpáta tí ìyá yẹn fi hàn mí ni?”

Mo ní n kò rí i. Ó ní nígbà tí àwa ń fọ ọwọ́, ìyá náà mú òun lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì fi àpáta pẹrẹsẹ kan hàn òun ní etí omi. Ó ní níbẹ̀ ni òun máa ń jókòó sí nígbà tí òun bá yan ẹja tán, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àbúrò mi bi í pé kí ni ó máa ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe nǹkan kan. Òun ń jẹ́ kí ojú òun sinmi ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dá mi dúró lójú ọ̀nà. Mo ti ń rò pé nítorí ọ̀wọ̀ fún ìyá náà ni òtítọ́ fi há mọ́ mi lọ́fun, pé n kò fẹ́ fi ìgbádùn mi gún un lójú. Kì í ṣe ọ̀wọ̀. Mo ti dá a lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi pé ẹni tí ń yan ẹja kò lè mọ̀ pé omi dára. Mo gbà pé ìyà rẹ̀ ti gba gbogbo ààyè tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì ku ibi tí ẹwà lè jókòó sí. Ṣé òun, tí igi igbá rẹ̀ mẹ́ta wà lábẹ́ omi náà, kò mọ omi náà jù mí lọ ni? Ó mọ ohun tí omi náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún ń lọ wò ó. Bí a bá ti wí fún un pé, “Ìyá, ẹnikẹ́ni kò rán wa, a gbọ́ pé ibí yìí dára, a sì wá wò ó,” bóyá ìbá ti rẹ́rìn-ín. Bóyá ìbá ti fi àpáta náà han gbogbo wa.

Nítorí náà, sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn mi nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun láti rò ó ní ọ̀nà mìíràn. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú ìrìn tí ènìyàn rìn kí ojú rẹ̀ lè sinmi, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ru ẹrù ara rẹ̀, tí ó sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún onílẹ̀ láìparọ́. Ẹ̀bi wà nínú ìgbádùn tí a ní láti wọ̀ ní ẹ̀wù ẹlòmíràn kí ó tó lè kọjá ní ẹnu ọ̀nà ilé onílé. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ, nítorí pé ìwé yìí kò ní jẹ́ òtítọ́ bí n kò bá sọ ọ́, pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta dára. Oòrùn wọ̀ sínú ọyẹ́ ní pupa bí epo, ìgalà méjì sọ̀kalẹ̀ wá mu omi ní òdìkejì, ọ̀kẹ́rẹ́ kan sì ń sáré lórí òkú igi. Kò ní iké.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 mo padà lọ, èmi nìkan, lórí alùpùpù títí dé ibi tí ọ̀nà pin sí, mo sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù. Adìyẹ méjì ni mo mú lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun gbogbo níwájú àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bàbá kan nínú wọn dìde, ó sì kúrò níbẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń yí ẹja rẹ̀ lórí ààrò.

“Èmi ti fura,” ni ó wí. “Àwọn tí ìjọba ń rán kì í ru ẹrù ara wọn.”

Mo bi í pé kí ni ó dé, nígbà náà, tí ó fi pa adìyẹ fún wa.

“Ebi ń pa ọmọdé tí ó wà pẹ̀lú yín.” Ó gbé ojú sókè. “Ìwé tí o kọ ńkọ́?”

Ó wà nínú àpò mi. Mo mú un jáde, mo kà á sí i létí, ó sì ní kí n tún orúkọ ọkọ òun kọ, nítorí pé mo ti ṣì í kọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú un lọ sí ibi tí ó yẹ kí ó ti lọ láti ọdún tí ó kọjá.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo dúró níwájú akọ̀wé kan nínú ọ́fíìsì kan. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì béèrè ta ni ó rán mi. Mo sọ orúkọ ìyá náà fún un. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì gbé e lé orí àwọn mìíràn tí ó wà lórí tábìlì.